Bọ̀dá Láńre Ń Wá Elkanah

Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ládùúgbò wa n'Íkòsì. Ìyá oníbúrẹ́dì ẹnu géètì wa ní ọlọ́pàá inú ni. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lójú títì ní òwò góòlù ló ń ṣe, torí pé báàgì kékeré kan ṣoṣo ló máa ń gbé bọ̀ láti òkè òkun, olówó gidi kì í sì í ru ẹrù. Pásítọ̀ wa, ẹni tó yẹ kó mọ̀, dárúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi kan: "Arákùnrin wa Ọláńrewájú, míṣọ́nnárì wa nílẹ̀ òkèèrè!" Bọ̀dá Láńre dìde, ó tẹríba, ó tún jókòó. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un nígẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n máa já pásítọ̀ nírọ́ nínú ilé Ọlọ́run ni?"

Òótọ́ ibẹ̀ rèé. Àwọn àjọ kan wà tó máa ń gbé oúnjẹ, oògùn àti omi lọ síbi tí ogun ti ń jà. Àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì o, awakọ̀ o, àwọn tó ń gbẹ́ kànga, máa ń sọnù nígbà mìíràn. Ìbọn á dún, oníkálukú á sá, òpó fóònù á jóná, ẹnikẹ́ni ò ní gbúròó wọn mọ́. Bọ̀dá Láńre ni wọ́n máa ń ní kó lọ wá wọn. Gúúsù Sudan ló ti ń ṣe é. Kò gbébọn, kò wọ kakí. Ẹnu ló fi ń wá wọn, àti fóònù, àti sùúrù kan tí n ò mọ ibi tó ti rí i, torí pé kò sí irú ẹ̀ nínú ìdílé wa.

Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pè é ní Bọ̀dá, tí màá sì tún sọ pé "ìwọ" fún un nínú gbólóhùn kan náà. Wọ́n ti bá mi wí títí, ó ti sú wọn.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń wá èèyàn rí nínú àbàtà Gúúsù Sudan yìí, kò lè rí sálúbàtà ara ẹ̀ nínú ilé tí yàrá ibẹ̀ ò ju méjì lọ. Èmi ni mo máa ń gbé e pamọ́. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni mo máa ń mú. Tí mo bá mú méjèèjì, á kàn lọ ra òmíràn ní Ketu. Àmọ́ tó bá ti ku ẹyọ kan, á wá a. Ohun tí mo sì fẹ́ràn láti máa wò nìyẹn, bó ṣe ń wá a.

Kì í béèrè sálúbàtà. Rárá o. Á rìn wọ kíṣìnnì bí ẹni tó wá kí èèyàn.

"Dárasími, o kú iṣẹ́. Ṣé ara le?"

"Ara le, Bọ̀dá mi."

"O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ilé ńkọ́? Kò sí nǹkan tó yàtọ̀ lónìí?"

"Kò sí o."

Á máa wo òkè àjà. Lẹ́yìn náà á ní, "Dárasími, ẹ̀bà la ti ń jẹ láti àná. Ta ló wá tú okùn àpò ìrẹsì?" Á ti ọwọ́ bọ àpò, á sì fa sálúbàtà rẹ̀ jáde. Mo ti fi ọ̀rá wé e o, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Ó ní ọgbọ́n tí òun fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. "Má béèrè ohun tó sọnù. Béèrè ohun tó yàtọ̀. Ẹni tó wà níbi ogun, tó o bá bi í pé ṣé ó rí lágbájá, ẹ̀rù á bà á, á ní òun ò rí i. Ṣùgbọ́n nǹkan tó yàtọ̀, kò sí ẹni tó lè gbé e mì. Ẹnu á máa yún un." Bó ṣe rí nọ́ọ̀sì kan tí gbogbo èèyàn ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Àgbẹ̀ kan ló ń ṣàròyé fún un lórí fóònù pé orí àwọn obìnrin abúlé òun ti dàrú: wọ́n ń se omi kó hó, wọ́n á tún jókòó tì í títí á fi tutù, kí wọ́n tó mu ún. Kí ló dé tí wọn ò kúkú mu ún ní tútù látàárọ̀? Bọ̀dá Láńre ní kí wọ́n wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Wọ́n bá nọ́ọ̀sì náà nídìí ààrò.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti Elkanah.

Ìsàlẹ̀ ilé tí à ń gbé ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Àwọn náà ló ni ilé. Dorothy lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n ta ló máa dá a láṣà? Mummy Elkanah là ń pè wọ́n. Láti Ìlaròó ni àwọn àti ọkọ wọn ti wá kọ́ ilé s'Íkòsì. Ọkọ ti lọ, ọmọ kan ṣoṣo ló kù. Aṣọ ilé ìwé ni wọ́n ń rán nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, kò sì sí ọmọ tó lè gba aṣọ rẹ̀ láìkí wọn bó ṣe yẹ. Ìkúnlẹ̀ gidi, ìdọ̀bálẹ̀ gidi. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, tẹ́ ẹ wá ṣe bíi tàwọn ọmọ Èkó ayé òde òní, tẹ́ ẹ kàn tẹ̀ díẹ̀, tẹ́ ẹ fi ìka kan ilẹ̀, Mummy Elkanah á yọ awò ojú wọn, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á ní:

"Kí ló jábọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

Ìgbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún Bọ̀dá Láńre kò lóǹkà. Elkanah ní tiẹ̀, wọn ò sọ ọ́ fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tó wà ní kékeré. Láti ìgbà náà ló ti ń lọ sílẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ó ga bí òpó iná, nítorí náà, tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀, a ní láti kọ́kọ́ gbé àga kúrò. Mo máa ń pariwo pé, "Ẹ yà fún un o, igi ń wó!" Á rẹ́rìn-ín nílẹ̀ níbẹ̀. Kì í bínú. Òun àti Bọ̀dá Láńre ti ń ṣeré láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ò tíì ní eyín iwájú.

Pọ́ǹpù omi ni Elkanah ń tún ṣe. Gbogbo ilé olówó tó wà ní Magodo ló mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí àjọ Bọ̀dá Láńre ń wá ẹni tó lè máa tún pọ́ǹpù abúlé ṣe ní Gúúsù Sudan, òun ló dárúkọ rẹ̀. Mummy Elkanah kọ̀ jálẹ̀. Bọ̀dá Láńre wá ṣe ohun tí n kò rí kó ṣe láti ọjọ́ tó ti dàgbà: ó na gbalaja síwájú maṣíìnì wọn. Ó ní, "Mummy, èmi tí mò ń bá ọlọ́mọ wá ọmọ rẹ̀ rí, ṣé tiwa ni màá wá sọ nù?"

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ẹnu ẹ lo fi sọ ọ́ o, Láńre."

Ẹnu rẹ̀ náà ló fi sọ ọ́.

Bọ̀dá Láńre wà nílé lẹ́nu ìsinmi nígbà tí wọ́n pè é láti ọ́fíìsì. Ìjà ti dé ìlú tí Elkanah ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá gba ojú omi, wọ́n sì túká lóru nínú àbàtà. Gbogbo àwọn tó kù ti yọjú. Elkanah nìkan ni wọn ò rí. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí ìhà ibẹ̀ mọ́, ni Bọ̀dá Láńre bá gbé àga lọ sí bákónì ẹ̀yìn, ó to fóònù méjì síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

A pinnu pé a ò ní sọ fún Mummy Elkanah. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọn kì í ṣàdédé fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ìyá ọlọ́mọ. A ní ká kọ́kọ́ rí i ná. Bọ̀dá Láńre ní èmi ni kí n máa parọ́ náà, torí pé ó mọ́ mi lẹ́nu.

"Dárasími, Elkanah ò pè mí láti ọjọ́ yìí."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Mummy."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibo?"

"Ti Sudan."

"Gbogbo Sudan pátá?"

"Ó tì o, Mummy. Gúúsù nìkan ni."

Wọ́n á kàn mi orí, wọ́n á sì máa wa maṣíìnì wọn lọ. Mo rò pé mo mọ irọ́ pa.

Lókè níbẹ̀, mo máa ń jókòó ti Bọ̀dá Láńre lórí bákónì, á máa sọ Lárúbáwá tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún, á sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi tó bá ti gbé fóònù sílẹ̀. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ìlú kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì wà, létí odò. Gbogbo ọlọ́kọ̀ tó bá ń ti àbàtà bọ̀ ló ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ìròyìn tí kì í dé etí rẹ̀. Bọ̀dá Láńre á kí i títí. Á kí ọmọ, á kí màlúù, á kí ẹja. Lẹ́yìn náà ni á wá ní, "Mọ́mì mi, kò sí nǹkan tó yàtọ̀?"

Lọ́jọ́ kan ó to ìròyìn sílẹ̀ fún mi bí obìnrin náà ṣe tò ó. Iyọ̀ ti gbówó lórí. Erinmi dojú ọkọ̀ ẹnì kan dé, àmọ́ ẹni náà mọ̀wẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹlẹ́ja fẹ́ gbéyàwó, ìyàwó náà rorò. Ní abúlé kan nísàlẹ̀ odò, baálẹ̀ ibẹ̀ ń tọ́jú àlejò kan tí wàrápá ń bá jà, ó ń ṣubú lójoojúmọ́, ó ṣeni láàánú. Ẹja pọ̀ lọ́dún yìí.

"Kí lo wá sọ fún wọn?" ni mo bi í.

"Mo ní kí Ọlọ́run wo aláìsàn náà sàn, mo sì bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ń tún pọ́ǹpù ṣe lágbègbè ibẹ̀. Wọ́n ní kò sí. Irin pọ́ǹpù gan-an ò sí níbẹ̀."

"Ṣé o sọ bí Elkanah ṣe rí fún wọn?"

"Mo sọ ọ́. Ó ga, ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́."

Mo wò ó. "Bọ̀dá mi. Ní Gúúsù Sudan?"

"Kí ló dé?"

"Níbi tí gbogbo ayé ti ga, tí wọ́n dúdú, tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́? Ìyẹn dà bí ẹni tó lọ sí Mile 12 tó ní òun ń wá tòmátò kan tó pupa."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó ní kí n bá òun ronú nǹkan tó yàtọ̀ lára Elkanah. A rò ó. Ó máa ń súfèé orin ìsìn. Ìyá ẹlẹ́ja ní gbogbo darandaran ló ń súfèé sí màlúù rẹ̀. Ó máa ń jẹun púpọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ní ta ni kò ní jẹun púpọ̀ tó bá rí i? Gbogbo ohun tí a bá ti kà, bí ti ará ibẹ̀ ló ń rí.

Ọjọ́ ń lọ. Mo wá ronú pé kí n dá Bọ̀dá Láńre lára yá. Mo gbé sálúbàtà òsì rẹ̀, mo so ó mọ́ fèrèsé níta, níbi tó máa ti rí i tó bá fi ara balẹ̀. Ó jí, ó wo ilẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà mi aláwọ̀ osùn, èyí tó ní òdòdó lórí, ó sì jáde lọ sí bákónì. Kò béèrè ohunkóhun. Kò kí mi.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Mo lọ tú sálúbàtà náà, mo gbé e síwájú rẹ̀ fúnra mi. Kò tilẹ̀ wò ó.

Ó ní, "Mo sọ fún wọn pé mi ò ní sọ ọ́ nù, Dárasími."

Mo ní, "O ò tíì sọ ọ́ nù. O kàn ń wá a ni."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Mummy Elkanah pè wá láti ìsàlẹ̀. A bá wọn nídìí maṣíìnì, wọ́n ń ran kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì. Láńre, ìgbà tó o dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ kún. Ẹ wò ó báyìí bí ẹja gbígbẹ. Ìwọ Dárasími, láti ọjọ́ yìí o ò dá mi lápàárá rí. Àná mo ró ìró mi sódì jáde, o kí mi, o kọjá lọ." Wọ́n dá ẹsẹ̀ maṣíìnì dúró. "Ọmọ mi sọnù, àbí kò sọnù?"

Ẹ ò rí nǹkan! Ọgbọ́n Bọ̀dá Láńre gan-an ni wọ́n fi mú wa.

Bọ̀dá Láńre dà gbalaja sílẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀ níbẹ̀, kò gbé orí sókè. Mo ń retí kí wọ́n ké, mo ti dìde láti dì wọ́n mú. Wọn ò ké. Wọ́n ká kọ́là náà, wọ́n tún tú u, wọ́n tún ká a. Lẹ́yìn náà wọ́n ní:

"Kí lẹ sọ fún wọn pé ọmọ mi jọ?"

"Mummy, a ní ó ga, ó dúdú..."

"Ga, dúdú! Ṣé igi lẹ̀ ń wá ni? Ṣé ẹ sọ fún wọn pé ó gbẹ̀kọ́? Ṣé ẹ sọ fún wọn pé kò sí àgbà tí á rí tí kò ní dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Mummy, wọn kì í dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n ń bọ ara wọn."

"Ìwọ ni wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ́. Mo mọ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Elkanah tèmi á dọ̀bálẹ̀. Ì báà ṣe nínú ẹrẹ̀, ì báà ṣe níwájú ìbọn."

Ẹnu mi yìí, tí n kò lè kó ní ìjánu, ló bá là. "Ah, Mummy, kó má lọ ṣe é gbalaja fún wọn níbẹ̀ o! Wọ́n á rò pé wàrápá gbé e ni."

Mo ti tẹ orí láti gba ìgbátí. Ìgbátí kò wá. Bọ̀dá Láńre ti gbé orí sókè láti ilẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó rí ìwin. Ó dìde, ó fi orí gbá ẹsẹ̀ tábìlì, ó sáré gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú sálúbàtà olódòdó mi lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì lásán.

A sáré tẹ̀ lé e. Mummy Elkanah ló ṣíwájú mi.

Ó ti pe ìyá ẹlẹ́ja. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n ó gbọ́ kó pe ẹnikẹ́ni láìkí i. Obìnrin náà gan-an bẹ̀rù, ó ní ta ló kú? Bọ̀dá Láńre ní kò sí ẹni tó kú, kó ṣáà sọ fún òun, aláìsàn ilé baálẹ̀ yẹn, ìgbà wo ni àìsàn rẹ̀ máa ń dé?

Ọlọ́kọ̀ kan láti abúlé náà wà níbẹ̀ tó ń ra iyọ̀, ni ìyá ẹlẹ́ja bá fún un ní fóònù. Ọkùnrin náà ní ó máa ń ṣubú láàárọ̀ tí baálẹ̀ bá jáde. Ó máa ń ṣubú tí ìyá baálẹ̀ bá gbé oúnjẹ fún un. Tí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìpàdé, tí àwọn àgbààgbà bá pé, ẹ̀ ẹ́ ẹ̀, ọjọ́ náà kì í dáa rárá, kò ní yé ṣubú.

"Ṣé ó máa ń ṣubú níwájú ọmọdé?"

Ọlọ́kọ̀ ní, "Nígbà tó o wá béèrè báyìí... rárá. Ó ń bá àwọn ọmọdé gbá bọ́ọ̀lù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kì í ṣe é."

Bọ̀dá Láńre túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Mummy Elkanah na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Irú wàrápá wo ló ń béèrè ọjọ́ orí èèyàn? Ọmọ mi ni! Láńre, ọmọ mi nìyẹn!"

Mo bú sẹ́kún, mo bú sẹ́rìn-ín, n kò mọ èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe. Bọ̀dá Láńre fi àtẹ́lẹwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀ léraléra. "Wọ́n sọ ọ́ fún mi! Wọ́n sọ ọ́ sí etí mi yìí, mo ní kí Ọlọ́run wò ó sàn!" Ẹ wò ó, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ló ń wá. Àwa tí a dàgbà n'Íkòsì lábẹ́ ojú Mummy Elkanah, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ yàtọ̀?

Ọ́fíìsì rán atukọ̀ kan lọ síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù tí kì í lo òpó. Ìgbà tí fóònù Bọ̀dá Láńre dún, ìsàlẹ̀ la wà, nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé e sórí sípíkà.

"Láńre, Láńre, ṣé ìwọ nìyẹn?" Elkanah ni. Ohùn rẹ̀ le kokooko. "Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí, wọ́n fẹ́ fi inúure pa mí!"

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ó rin àbàtà títí ó fi já sí abúlé náà, omi ti ba fóònù rẹ̀ jẹ́, kò gbọ́ èdè ibẹ̀. Baálẹ̀ ni àgbà àkọ́kọ́ tó rí, ó sì kí i bí ọmọlúàbí. Wọ́n pariwo, wọ́n dì í mú lẹ́sẹ̀, wọ́n dì í mú lórí. Ó dìde, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n gba òun tọwọ́tẹsẹ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀ láti dúpẹ́. Ìyá baálẹ̀ sáré gbé àgbo wá.

"Mummy, ẹ ò tíì rí nǹkan tó korò. Ewúro dà bí ṣúgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo mu ún tán."

"Kí lo wá ṣe?" ni Mummy Elkanah béèrè.

"Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà pé wọ́n ṣeun."

"Wọ́n wá ńkọ́?"

"Wọ́n bu òmíràn fún mi."

Mo ti dùbúlẹ̀ sórí òkìtì aṣọ ilé ìwé, ẹ̀rín ń pa mí. Ó ní kò sí ọjọ́ kan lẹ́yìn náà tí kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ná odò, ṣùgbọ́n baálẹ̀ ní òun ò ní jẹ́ kó wọ ọkọ̀. Ta ni yóò gbé ẹni tó ń ṣubú sínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ? Ó di kó re sómi, kí ọ̀nì fi ṣoúnjẹ. Atukọ̀ tí ọ́fíìsì rán ti ṣàlàyé títí. Baálẹ̀ ní gbogbo aláìsàn ló máa ń ní ara òun le. Àfi tó bá lè wà láìṣubú títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ìgbà yẹn ni òun á tó gbà.

"Má ṣubú mọ́ nígbà náà," ni Bọ̀dá Láńre wí.

"Mo ti gbìyànjú! Tí bàbá yẹn bá ti jáde láàárọ̀, pẹ̀lú ewú orí wọn, pẹ̀lú ọ̀pá wọn, ara mi ló ń lọ fúnra ẹ̀."

Gbogbo wa wo Mummy Elkanah. Wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n nù ún. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ Bọ̀dá Láńre. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu wọn bí òkúta.

"Elkanah. Láti òní lọ títí màá fi gbà ẹ́ láyè, o ò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Wọ́n fi ìka lu fóònù náà.

"Elkanah?"

"Ta nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Láńre, ta ló wà lórí fóònù? Màmá mi kọ́. Màmá mi ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn láéláé."

"Èmi ni mo bí ẹ!"

"Ẹ má bínú o, Mọ́mì tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ yín."

Bọ̀dá Láńre fi ọwọ́ bo ojú. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹni tó sọnù ló máa ń ní láti fi hàn pé òun ni òun. Kò tíì rí ibi tí ẹni tó sọnù ti ń yẹ ìyá rẹ̀ wò rí. Mummy Elkanah ò bá a jiyàn. Wọ́n kàn sún mọ́ fóònù náà, wọ́n ní jẹ́jẹ́:

"Elkanah, kí ló jábọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

"Yéè! Mummy mi ni!"

A gbọ́ ìró kan, gbì! Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ariwo àwọn èèyàn tó ń sáré bọ̀.

Mo ní, "Ó ti lọ sílẹ̀ o. Àgbo ń bọ̀."

Nítorí ìyẹn, ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni baálẹ̀ tún sún un sí. Bọ̀dá Láńre ń bá atukọ̀ sọ̀rọ̀ láràárọ̀, ó sì ń gbé ìròyìn náà sọ̀ kalẹ̀ fún Mummy Elkanah bí ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Lónìí ó di òpó ilé mú. Lónìí ó jókòó lé ọwọ́ ara ẹ̀. Lónìí baálẹ̀ kí i, eékún rẹ̀ yẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, wọ́n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Mummy Elkanah á máa mi orí, á dùn wọ́n, á tún pa wọ́n lẹ́rìn-ín. "Ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi tọ́," ni wọ́n máa ń wí, "èmi ni mo tún ń bẹ̀ ẹ́ kó máa yájú."

Ó yege. Lọ́jọ́ tó wọ ọkọ̀, baálẹ̀ náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo abúlé, ìyá baálẹ̀ sì di àgbo sínú kèrègbè fún un lọ́nà, nítorí ìrìn àjò.

Ọjọ́ tó dé Ìkòsì, ìyá oníbúrẹ́dì ti gbọ́, ọkùnrin tó ń lẹ táyà ti gbọ́. Gbogbo wọn ti gbà báyìí pé Bọ̀dá Láńre kì í ṣe oníwúrà; wọ́n ní wòlíì ni. Elkanah sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé, ó ti rù, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, kèrègbè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mummy Elkanah dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó wò wọ́n. Ó fi tipátipá dúró, torí pé wọn ò tíì ní kó tún máa dọ̀bálẹ̀.

Mo kígbe pé, "Ẹ dì í mú o! Ẹ ṣí kèrègbè!"

Mummy Elkanah ò wo ọ̀dọ̀ mi. Omijé ti gba ojú wọn. Wọ́n ní, "Elkanah, ṣé ilẹ̀ bá ẹ jà ni?"

Ó lọ sílẹ̀ bí igi àgbọn, báàgì àti gbogbo rẹ̀, eruku gbòde. Kí a tó ṣẹ́jú, Bọ̀dá Láńre tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ́, òun náà na gbalaja tì í, àyà kan ilẹ̀. Mummy Elkanah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ kan ń pa orí ti ọ̀tún, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì pa orí ti òsì.

Kò sí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn. Àtẹ́lẹsẹ̀ Bọ̀dá Láńre ló kọjú sí mi, sálúbàtà òsì sì ti yọ díẹ̀ ní gìgísẹ̀. Mo rọra fà á yọ, mo tì í sábẹ́ ìró mi, mo sì lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá oníbúrẹ́dì bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.